FÍFI ỌMỌ SÍ KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ ONÍGBÀGBỌ́: ǸJẸ́ ỌLỌ́RUN NI A FI Í LÉ LỌ́WỌ́?

 

Kí ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, kí ẹ ka orí 1 títí dé orí 3. Ibẹ̀ ni a ó padà sí.

Ìbéèrè kan wà tí ó ń da ọ̀pọ̀ òbí láàmú ní Adja-Ouèrè, ní Ikpinlè, ní Massè àti ní gbogbo abà tí ó yí wọn ká, pàápàá bí ìdánwò CEP bá ti ń súnmọ́lé. Ìbéèrè náà nìyí: bí òbí bá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a kọ orúkọ Jésù sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ó san owó, tí ó sì padà sí oko rẹ̀, ǹjẹ́ Ọlọ́run ni ó fi ọmọ náà lé lọ́wọ́, àbí ènìyàn bíi tirẹ̀? Láti ọjọ́ náà lọ, ta ni yóò jíhìn ọmọ náà?

Kì í ṣe pé a gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwa tí a ń kọ èyí kò kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní kíláàsì. Ìwé orin ìjọ ni ó kọ́ wa láti ka èdè Yorùbá. Ohun tí ojú wa rí ni a fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù karùn-ún, a gbéra láti lọ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì onígbàgbọ́ kan ní ẹ̀bá Àjàṣẹ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí a kò kọ̀wé láti ba ilé ẹlòmíràn jẹ́. Kì í ṣe ìjọ tiwa ni ó ni ín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba wà ní Adja-Ouèrè níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wa ni ó ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń yege. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin wa yìí ti ń di olórí kunkun. Bí a bá pè é kí ó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, á ní orí ń fọ́ òun. Bí a bá rán an níṣẹ́, á lọ o, ṣùgbọ́n ojú tí yóò fi lọ! A wá sọ láàárín ara wa pé bí ó bá dé àárín àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń gbàdúrà láàárọ̀ lálẹ́, ọkàn rẹ̀ yóò rọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀bi wa ti bẹ̀rẹ̀.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà wa mọ bí ilẹ̀ pupa ti ń ṣe bí òjò bá nà án. Ti apá Òhòrí, níbi tí ilẹ̀ dúdú ti ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá, tilẹ̀ burú ju tiwa lọ. Ọmọ náà bọ́ bàtà tuntun tí a rà fún un ní ọjà Ikpinlè, ó dì í sínú ọ̀rá, ó fi ẹsẹ̀ lásán gun zémìjàn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ní Ikpinlè ni a ti wọ takísí, a gba Ṣàkẹ́tẹ́ kọjá. Títí a fi dé ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, orí itan rẹ̀ ni ó gbé bàtà náà lé.

Ẹnu ọ̀nà náà dára. Àgbélébùú funfun wà lókè, wọ́n sì fi ọ̀dà búlúù kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí abẹ́ rẹ̀. Inú wa dùn. Ọmọ wọ bàtà rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ní kí a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, pé àwọn ọmọ wà nínú ìsìn. Lóòótọ́, a ń gbọ́ orin wọn láti inú ilé ìsìn, ohùn wọn dùn débi pé ìyá ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí mi orí. Ìgbà náà ni a rí ọmọkùnrin kan tí ó dúró nínú oòrùn lẹ́bàá ògiri, ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó gbé àpò ìwé kọ́ ọrùn. A bi í léèrè pé kí ni ó ṣe. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Owó ilé-ìwé ni.” Bàbá rẹ̀ kò tíì rí àgbàdo tà.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa rò ó. Nínú ilé, orin ìyìn. Lóde, ọmọ kan nínú oòrùn nítorí owó. Wọn kò jẹ́ kí ó wọlé sínú kíláàsì, a lè fi ojú fo ìyẹn dá, nítorí olùkọ́ náà ní láti jẹun. Ṣùgbọ́n pé wọn kò jẹ́ kí ó wọlé wá gbàdúrà! Ta ni a ń san owó àdúrà fún? Inú bí wa, a fẹ́ dìde kí a máa lọ ilé. Ìyá ọmọ wa ni ó di aṣọ wa mú. Ó ní kí a rántí pé nínú ìjọ tiwa náà, a mọ ẹni tí a máa ń sáré gbé àga fún bí ó bá pẹ́ dé, a sì mọ ẹni tí a máa ń jẹ́ kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. A jókòó padà.

Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan jáde láti ẹ̀yìn. Kò wo ọ̀dọ̀ wa rárá. Ó fa ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, ó ṣí ìwé, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìṣirò. Orin ṣì ń lọ nínú ilé. Àwa kò mọ̀ nínú àwọn méjèèjì, ìyẹn ìsìn inú ilé àti ìṣirò abẹ́ igi, èwo ni ó jẹ́ ti onígbàgbọ́ ní wákàtí náà.

Nígbà tí wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì, màdáámù tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbà wá dáadáa. Ó sọ bí àwọn ọmọ wọn ti ṣe nínú ìdánwò BEPC, ó sọ iye owó. Owó náà ju ohun tí epo wa ń mú wọlé lọ́dún kan lọ, ìyá ọmọ wa sì mí kanlẹ̀. Àwa kò fi ti owó ṣe. A ti pinnu ọ̀rọ̀ wa láti ilé. A ní, “Màdáámù, ọmọ yìí ti fẹ́ yọ lọ́wọ́ wa. Ẹ bá wa fi ọ̀nà Ọlọ́run hàn án.”

Màdáámù fi gègé lélẹ̀. Ó béèrè pé, “Bàbá, ta ni ó ń bá a gbàdúrà nílé?”

A ya ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Alàgbà ni wá nínú ìjọ! Ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, àìsùn, ìbẹ̀wò àwọn aláìsàn, àdúrà lórí omi, kò sí èyí tí a kì í sí níbẹ̀. Bí a bá délé, oorun ni. Kí a tó rí ohun tí a ó fi bo ojú, ọmọ náà dáhùn fúnra rẹ̀. Ó ní, “Màmá ni.” Ó tún ní, “Bàbá máa ń gbàdúrà fún àwọn ènìyàn.”

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́: ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn wa ni pé kí a fọ́ ọ létí bí a bá ti jáde. A rò pé ó dójú tì wá níwájú àlejò. Òun kò tilẹ̀ rò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ó sọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti bi í. Màdáámù kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá wa wí. Ó kàn sọ fún ọmọ náà pé, “O ṣeun tí o sọ ọ́.” Lẹ́yìn náà ó ní òun lè kọ́ ọmọ wa ní ìṣirò, òun sì lè jẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láràárọ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè jẹ́ bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn àgbà kan yóò bá wa jà lé lórí, kí wọ́n máa bọ̀. Ọmọ náà béèrè bóyá òun lè bọ́ bàtà bí òun bá fẹ́ wọ ilé ìsìn wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ti tọ́ ọ láti kékeré. Màdáámù ní gbogbo ọmọ ni ó ń wọ bàtà wọlé, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò nà án. Ọmọ wá kọjú sí wa pé, “Bàbá, èwo ni kí n ṣe?” Mósè bọ́ bàtà níwájú igbó tí ń jó, nítorí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún un pé ilẹ̀ mímọ́ ni. Àwa náà ń bọ́ ọ nítorí a gbà pé ilẹ̀ tí a dúró lé jẹ́ mímọ́. A kò lè sọ fún ọmọ pé ilẹ̀ àwọn wọ̀nyí kì í ṣe mímọ́ kí a sì san owó kí ó máa gbé lórí rẹ̀. Bí a bá gbà pé Ọlọ́run wà níbẹ̀, kí ó bọ́ bàtà. Bí a bá rò pé Ọlọ́run kò sí níbẹ̀, kí ni a wá ṣe níbẹ̀? A ní kí ó máa bọ́ ọ, kí ó sì gbé e sí ibi tí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, bí wọ́n bá sì fi í ṣe ẹ̀sín, kí ó wá sọ fún wa.

Wọ́n mú wa yí ká. Yàrá oúnjẹ mọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ìwé wà ní yàrá ìkàwé, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, eruku sì wà lórí àgádágodo náà. A rí i, a kò sọ nǹkan kan. Ìyá ọmọ àti ọmọ lọ wo yàrá tí àwọn ọmọbìnrin ń sùn. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú takísí, tí a ti kọjá Ṣàkẹ́tẹ́, ni ọmọ tó la ẹnu. Ó ní òun bi ọmọbìnrin kan níbẹ̀ pé ṣé inú rẹ̀ dùn níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ṣùgbọ́n, Bàbá, ó kọ́kọ́ wo ojú ìyá tí ń ṣọ́ wọn kí ó tó dá mi lóhùn.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí a sùn lóru ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí Ṣílò. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Hánà. Bí a bá ń gbàdúrà fún àgàn, òun ni a máa ń dárúkọ. A mọ omijé rẹ̀, a mọ ẹ̀jẹ́ rẹ̀, a mọ̀ pé ó gba ọmọ lẹ́nu ọmú, ó sì mú un lọ sí ilé Ọlọ́run pẹ̀lú màlúù àti ìyẹ̀fun àti wáìnì. Ibẹ̀ ni a máa ń dákẹ́ sí. A kì í sọ irú ilé tí ó mú ọmọ náà lọ. Orúkọ wo ni ó tún lè dára ju ti Ṣílò lọ nígbà náà? Àpótí ẹ̀rí Ọlọ́run wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ta ni àwọn àlùfáà rẹ̀? Hófínì àti Fíníhásì ni. Wọ́n ń fi agbára gba ẹran ẹbọ kí a tó sun ọ̀rá rẹ̀, wọ́n sì ń ba àwọn obìnrin tí ń sìn ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ jẹ́. Gbogbo Ísírẹ́lì gbọ́. Bàbá wọn gbọ́, ó fi ẹnu sọ fún wọn, kò sì dá wọn dúró. Àárín àwọn wọ̀nyí ni Hánà fi ọmọ kékeré sí.

Ṣé Hánà ṣe àṣìṣe? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Hánà kò fi ọmọ sílẹ̀ kí ó pa ojú dé. Lọ́dọọdún ni ó ń gòkè lọ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, lọ́dọọdún ni ó sì ń dá ẹ̀wù kékeré kan lọ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń rán aṣọ, ẹ sọ fún wa: báwo ni ènìyàn ṣe ń dá ẹ̀wù fún ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀? Ó gbọ́dọ̀ mọ bí ó ti ga tó. Ó gbọ́dọ̀ rántí èjìká rẹ̀ ní èṣí, kí ó sì fi ọdún kan kún un. Ó fi ọmọ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi òṣùwọ̀n ara ọmọ náà sọ́kàn. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé àìnígbàgbọ́ ni kí ènìyàn máa padà lọ wo ọmọ tí ó ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, ẹ fi ẹ̀wù yẹn hàn án.

Ohun kejì ni Élì. Élì ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, agbára rẹ̀ kò ká àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà sáré tọ̀ ọ́ wá lóru ní ẹ̀ẹ̀mẹta, Élì mọ̀ pé Ọlọ́run ni ó ń pè é. Kò sọ pé, “Lọ sùn, má yọ mí lẹ́nu.” Ó dì í ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi dáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọmọ ń bẹ̀rù láti sọ ohun tí Ọlọ́run wí, nítorí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ lórí ilé Élì fúnra rẹ̀ ni, Élì ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi sọ gbogbo rẹ̀, kò sì fi ìyà jẹ ẹ́. Ọmọdé sọ òótọ́ kíkorò fún àgbà nínú ilé Ọlọ́run, àgbà sì gbà á. Àwa rò pé ohun tí ó yẹ kí òbí wá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì onígbàgbọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí Hófínì kò sí nínú rẹ̀, kò sí láyé. Ṣé Élì wà níbẹ̀? Ṣé ọmọdé lè sọ òótọ́ fún àgbà níbẹ̀ láìkọ́kọ́ wo ojú ẹnikẹ́ni?

Bí orúkọ nìkan bá tó, ìgbà èwe àwa fúnra wa kò bá ti yé wa rárá. Ìgbà Kérékou ni a lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀yin àgbà rántí: ó gba ìjọba ní 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, ní oṣù kọkànlá ọdún 1974 ó kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni ìlú yóò tọ̀, lẹ́yìn náà ìjọba gba àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n pè ní ilé-ìwé tuntun kalẹ̀. A ń dá oko nínú ilé-ìwé, a ń kígbe ìyípadà láràárọ̀. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ Jésù fún wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan wà tí àwọn òbí wa gbé ewúrẹ́ lọ fún kí ó lè fi ọmọ wọn sí ipò kìíní. Ó fi okùn so ewúrẹ́ náà padà sí ẹnu ọ̀nà wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tálákà ni ó gba ipò kìíní lọ́dún náà. Títí di òní, bí a bá fẹ́ ṣàlàyé òdodo fún àwọn ọmọ ìjọ, ewúrẹ́ yẹn ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ọkùnrin náà kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí lójú wa.

A kò sọ èyí láti fi yin ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ìyà ni àwọn onígbàgbọ́ jẹ. Nígbà tí ìpàdé ńlá ti orílẹ̀-èdè jókòó ní oṣù kejì ọdún 1990, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza sì darí rẹ̀, a yọ̀. Òfin ńlá tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá ọdún náà tún jẹ́ kí àwọn ìjọ lè ṣí ilé-ìwé. Láti ìgbà náà ni àgbélébùú ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ṣe é ṣáájú ṣe ohun ńlá: ní 1914 ni àwọn Kátólíìkì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà Saint-Gall ní Ouidah, ní Èkó, ní 6 oṣù kẹfà ọdún 1859, ọmọkùnrin 6 ni CMS fi bẹ̀rẹ̀ Grammar School, ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ní 1959, akẹ́kọ̀ọ́ 7 péré ni àwọn Adventist fi bẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó di Babcock University ní 1999. Òbí tí ó mú ọmọ lọ wo irú ibẹ̀ nígbà tí wọn kò ju mẹ́fà tàbí méje lọ, kí ni ó rí? Kò rí ògiri tí wọ́n kun ọ̀dà sí. Ènìyàn tí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ ni ó rí, ó sì gbé e yẹ̀wò. Lóde òní, ilé ni a ń wò.

Ìyá kan wà tí kò rí ààyè wo ibi kankan. Ní 1821, àwọn ọlọ́ṣà ẹrú jó Òṣogùn, wọ́n sì kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, nígbà tí ó sì di 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ tọ́ ọ, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú Bíbélì tí ó wà lọ́wọ́ yín, nítorí òun ni ó ṣe olórí iṣẹ́ títúmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, Àfàlá, kò mọ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó fi wà láìmọ̀ bóyá ọmọ náà kú ni tàbí ó yè, kí wọ́n tó ríra ní Abẹ́òkúta ní 1846. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1848, orúkọ wo ni wọ́n sọ ọ́? Hánà. Ìyá Sámúẹ́lì. Hánà yìí kò rí ẹ̀wù kankan dá fún ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kì í ṣe pé kò fẹ́. Àwa tí takísí wà fún láti Ikpinlè, tí ẹnikẹ́ni kò sì jí ọmọ wa kó, tí a óò wá fi ọmọ sí ibì kan láti oṣù kẹsàn-án títí di Kérésìmesì láìyọjú, àwíjàre wo ni a ní?

Àwọn kan nínú ìjọ sọ fún wa pé owó ni a san, àwọn tí wọ́n gba owó ni kí ó jíhìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko, ẹ gbọ́ ná. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ wà ní Pọbẹ̀ láti 1922, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pẹ tí ó ti ibẹ̀ wá ń yára so, ó sì lépo ju ọ̀pẹ igbó lọ. Ẹni tí ó ra á, tí ó gbìn ín, tí kò fi wáyà yí i ká, tí kò sì ro ìdí rẹ̀, ọ̀yà ni yóò jẹ ẹ́ kí ó tó pé ọdún. Ṣé yóò wá lọ bá àwọn ará Pọbẹ̀ jà? Wọ́n ta ohun rere fún un. Iṣẹ́ oko kò sí nínú ohun tí wọ́n tà.

Àwọn mìíràn ní kí a kọ́ tiwa, kí ọmọ aṣọ funfun má lọ máa kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ìjọ mìíràn. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ ọ lọ́la, ọmọ tálákà kan yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà tiwa náà, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa.

Ìdáhùn àwa sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ rèé, ẹni tí ó bá ní òmíràn kí ó mú un wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ọjọ́rú. Ènìyàn ni a ń fi ọmọ lé lọ́wọ́. Ọlọ́run lè gba ọwọ́ ènìyàn náà tọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti gba ọwọ́ Élì, ṣùgbọ́n kò gba ọmọ lọ́wọ́ wa kí ó sì sọ pé ó tó, ẹ máa lọ. Bàbá tí kò bá ọmọ rẹ̀ gbàdúrà nílé tí ó sì mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, ó ń sá fún ọmọ náà ni, ó sì fi orúkọ Ọlọ́run bo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó fi ń sá. Àwa ni bàbá náà.

A fi ọmọ sí ibẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹ lè yà wá lẹ́nu wò pé lẹ́yìn gbogbo ohun tí a rí. Olùkọ́ abẹ́ igi máńgòrò ni ó mú wa fi í síbẹ̀, àti màdáámù tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ó sọ òótọ́. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án, àwa àti ọmọ náà ń kúnlẹ̀ pọ̀ lálaalẹ́. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí yóò sọ nínú wa. A máa ń ka orin kan, a ó sì ṣe àmín. Ní alẹ́ kan ni ó béèrè pé kí ló dé tí a kì í gbàdúrà fún ọmọkùnrin tí ó dúró nínú oòrùn. A bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà fún un, nígbà tí a sì lọ san owó, a fi díẹ̀ lé e fún ti rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rán sùtánà tuntun, ó fi ìka mẹ́ta kún gígùn rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹwàá, a lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, a ru àpò gàrí kan. Wọ́n pè é jáde láti kíláàsì. Ìyá tí ń ṣọ́ wọn dúró níbẹ̀, màdáámù pàápàá ń kọjá lọ. A bi í pé ṣé inú rẹ̀ dùn níbẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Rárá o, Bàbá. Oúnjẹ alẹ́ kì í tó wa.”

A gbé gàrí sílẹ̀, a sì tẹ̀lé màdáámù lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́.